Nígbà tí ọjọ́ 65 di 130

Bàbá mi pè mí láti Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi bi mí pé, "Àdùkẹ́, èló lẹ̀ ń ta ajílẹ̀ lọ́hùn-ún báyìí?" Ìbéèrè yìí ti di ìkíni láàrin wa. Látìgbà tí mo ti gba iṣẹ́ akọ̀wé owó nílé ìtajà ajílẹ̀ kan lẹ́bàá odò Illinois, nítòsí ìlú Peoria ní Amẹ́ríkà, wọn ò bi mí nípa òtútù mọ́. Mo sọ iye fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹjọ́ yẹn ò tíì tán ni?"

Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí mo ti ń ṣàlàyé ẹjọ́ náà lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bóyá ẹnu mi á sinmi.

Ní June 26, 2020, Mosaic, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ajílẹ̀ phosphate ní Florida, gbé ìwé ẹ̀sùn lọ síwájú ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ìjọba Morocco ń jẹ́ kí OCP, ilé iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba ibẹ̀, máa wa òkúta phosphate ní owó pọ́ọ́kú, àti pé ìjọba Rọ́ṣíà ń ta gáàsì fáwọn tirẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Owó ìrànwọ́ ni wọ́n ka èyí sí, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n bu owó bodè lé ọjà náà. Mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Ẹni tí ìjọba bá gbé òkè òkúta lé lọ́wọ́ ní ẹ̀dínwó, ọjà rẹ̀ kò lè wọ́n bíi ti ẹni tó ń dá tirẹ̀ ṣe. Kàlẹ́ńdà ẹjọ́ náà ló ń dùn mí.

Commerce, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ìṣòwò, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní July 16. Òfin ní kí wọ́n sọ èsì àkọ́kọ́ láàrin ọjọ́ 65. Bí ẹ bá kà á, ẹ ó rí i pé ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta nínú September ló bọ́ sí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà gbà kí wọ́n sún un di ọjọ́ 130, wọ́n sì sún un. Ó di November 23.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé olùfisùn fúnra rẹ̀ lè bẹ̀bẹ̀ fún sísún yìí. Kó ti béèrè nígbà tó bá ṣì ku ọjọ́ 25 ni. Mo rò ó títí, mo ní ta ni wọ́n jà lólè tó máa sọ fún ọlọ́pàá pé kó má kánjú? Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé Commerce máa ń fi ìbéèrè rẹpẹtẹ ránṣẹ́ sáwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè àti ìjọba wọn, ìdáhùn á sì dé bí ẹrù ìwé. Bí àkókò bá ṣe pọ̀ tó ni owó ìrànwọ́ tí wọ́n lè hú jáde ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tó fi ẹ̀sùn kàn mọ ohun tó ń ṣe.

Àgbẹ̀ ibí ńkọ́? Wọn kì í dúró kí àgbàdo hù kí wọ́n tó wá ajílẹ̀. Bí wọ́n bá ti kórè tán ní October ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń fọ́n DAP àti MAP, irú ajílẹ̀ phosphate méjì, sílẹ̀, kí ilẹ̀ tó dì bí òkúta. Ẹ gbé ọjọ́ méjèèjì yẹn lé ara wọn kẹ́ ẹ wò ó. Bí èsì bá jáde ní September, àgbẹ̀ á mọ iye tó fẹ́ ná. Bó bá di ọjọ́ kẹtàlélógún November, gbogbo àkókò ìfọ́nlẹ̀ á ti kọjá nínú òkùnkùn.

Inú òkùnkùn yẹn ni mo jókòó sí. Ọ̀gá mi, òyìnbó àgbàlagbà kan, ṣì máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye ọjà sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Lóṣù October yẹn, ó ń nù ún, ó ń tún un kọ, títí ó fi gbé ṣọ́ọ̀kì jù sílẹ̀. Ẹni tó ń ta ọjà fún wa láti New Orleans ní iye tí òun bá fún wa láàárọ̀ kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú. Òfin tún ní ẹ̀gún kan nínú: bí Commerce bá rí i pé àwọn èèyàn sáré kó ọjà wọlé kí èsì tó dé, ó lè mú kí owó bodè náà padà sẹ́yìn fún 90 ọjọ́. Nítorí náà, ọjà tó ti wọlé pàápàá ò fọkàn ẹni balẹ̀. Oníbàárà kan tó máa ń ra ẹrù ọkọ̀ mẹ́rin ra méjì, ó ní ilẹ̀ òun á fara dà á lọ́dún yìí. Lóòótọ́, iye àgbàdo náà ń gòkè lásìkò yẹn, ẹjọ́ nìkan kọ́ ló gbé ajílẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n àgbàdo kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dúró dìgbà tí òun bá ṣe tán.

Nígbà tí èsì dé ní November, owó bodè 23.46% ni wọ́n kọ sórí ọjà OCP. Ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà wa ti ti ẹ̀rọ wọn wọlé. Ní February 2021 ó di 19.97%, àṣẹ gangan sì jáde ní April.

Bàbá mi rò pé ó tán nìyẹn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ pé ní Amẹ́ríkà, owó àsansílẹ̀ lásán ni owó bodè irú èyí. Ẹni tó kó ọjà wọlé á san án sílẹ̀, Commerce á wá padà yẹ ọdún náà wò kó tó sọ iye tó tọ́ gan-an. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́, tó kan ọjà tó wọlé láti November 2020 dé òpin 2021, parí ní November 2023. Iye tí wọ́n bá jáde fún OCP ni 2.12%.

Lórí ọjà $100,000, ẹni tó san $19,970 sílẹ̀ wá gbọ́, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sígbà tí owó náà bẹ̀rẹ̀, pé $2,120 ló yẹ kó san. Bí wọ́n bá sì dá ìyókù padà, tòun ti èlé, ẹni tórúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé bodè ló ni ín. Kò sí ìlà kankan lórí ìwé náà tí wọ́n ti lè kọ orúkọ baba tó ra ẹrù ọkọ̀ méjì dípò mẹ́rin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àyẹ̀wò míì tún gbé e kọjá 16%. Ẹ wá fi ìyẹn ṣírò ọjà ọdún tó ń bọ̀ fún mi.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ilẹ̀kùn láti October 1 sí November 12, 2025, Commerce fi ọjọ́ 47 kún gbèdéke gbogbo ẹjọ́ ọwọ́ rẹ̀, kò pẹ́ tó tún fi 21 lé e. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Kí ni mo tún lè ṣe?

Ọ̀rọ̀ náà kan bàbá mi ju bí mo ti rò lọ. Ní December 2016, nígbà tí Ọba Mohammed VI wá sí Abuja, OCP àti Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀wé pé phosphate Morocco ni a ó máa fi po ajílẹ̀ nílé. Àpò NPK 20-10-10 tí wọ́n ń ta ní ₦5,500 nígbà kan, inú ètò yẹn ló wà. Ilẹ̀ kan náà ni ohun tó wà nínú àpò wọn àti ohun tó ń bá odò gòkè wá sọ́dọ̀ wa ti wá. Àwọn ń ra tiwọn láìsí ẹjọ́, èmi ń ka ọjọ́.

Mo ṣàlàyé títí lọ́jọ́ Sátidé yẹn, wọ́n ń ṣe "hùn, hùn." Mo wá bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ dúró kí iye wálẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó ra ti ọdún yìí.

"Dúró ti ta ni?" ni bàbá mi wí. "Mo ti rà á láti Ọjọ́rú."