Ẹ má fi nọ́ńbà ojú kámẹ́rà rà á: ohun tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ fọ́tò ní Ìlọrin

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò, ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra kámẹ́rà kékeré alápò, àbí kí n dúró títí owó SLR, kámẹ́rà ńlá tí lẹ́ńsì rẹ̀ ṣeé yọ, yóò fi pé?" Ibi wolimọ kan ní Pàkátà, ayẹyẹ tí ọmọbìnrin kan ti ń ka Kùránì, ni mo ti kọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Kámẹ́rà kékeré kan ṣoṣo ni mo ní nígbà náà. Mẹ́gápísẹ̀lì 16, ìyẹn ẹyọ mílíọ̀nù 16 tó ń para pọ̀ di fọ́tò, ni wọ́n kọ sí i lójú, ìyẹn ni mo sì fi ń yangàn. Lábẹ́ oòrùn, fọ́tò rẹ̀ mọ́ gaara. Ìgbà tí a wọ pálọ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọbìnrin náà ka Kùránì tán, bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń ṣàdúà fún un. Mo tẹ bọ́tìnnì. Kámẹ́rà ń wá fókọ́ọ̀sì, ó ń wá a, nígbà tó fi máa yà á, bàbá ti sọ ọwọ́ kalẹ̀. Èyí tó sì bọ́ sásìkò, ara àwọn ènìyàn inú rẹ̀ rí hóró-hóró bí ẹni wọ́n gààrí sí. Mo dá díẹ̀ padà nínú owó wọn. Ṣùgbọ́n a kì í ní kí bàbá ọmọ tún àdúà ṣe nítorí fọ́tò.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé iye mẹ́gápísẹ̀lì kò sọ bí ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà ṣe tóbi tó. Sẹ́ńsọ̀ ni à ń pe ojú náà. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré, ó fẹ̀ tó mìlímítà 6.2, ó ga tó 4.6, kò ju èékánná ọmọdé lọ. Ti Nikon D3100, SLR kan tó jáde ní 2010, jẹ́ 23.1 sí 15.4. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ó ju ìlọ́po 12 lọ, bẹ́ẹ̀ mẹ́gápísẹ̀lì 14.2 péré ló ní. Bí òjò bá ń rọ̀, tí ẹ gbé ife tíì àti bàsíà síta, ẹ mọ èyí tó máa gba omi jù. Ìmọ́lẹ̀ ni òjò yẹn. Bí ẹ bá tún wá pín ojú kékeré náà sí ọ̀nà mílíọ̀nù 16, ìmọ́lẹ̀ tó máa kan ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ní í tó nǹkan, àìtó yẹn ló ń di hóró-hóró nínú pálọ̀.

Dígí tó wà nínú SLR náà ṣe pàtàkì. Òun ló ń gbé ohun tí lẹ́ńsì rí wá sí ihò tí à ń yọjú sí, ó sì ń pín díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà fún ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju fókọ́ọ̀sì lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń yà bí ẹ bá ti ń tẹ̀ ẹ́. Bátìrì náà ń pẹ́, torí pé ẹ kò tan síkírìnì ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó yà. Nikon sọ pé bátìrì D3100 lè ya fọ́tò bíi 550. Ní ìlú tí iná kì í dúró, ẹ ò ní í fojú kékeré wo ìyẹn.

Mo ra D3100 tòkúnbọ̀, mo sì tún ṣàṣìṣe. Lẹ́ńsì 18-55 tó bá a wá máa ń dín ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kù sí f/5.6 bí a bá fà á dé òpin; bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó. Lẹ́ńsì 50 tí ihò rẹ̀ jẹ́ f/1.8 ń gba nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ yẹn wọlé, mo bá sáré lọ ra ọ̀kan. Lẹ́tà D ló wà lára rẹ̀. Kò sí mọ́tò tó ń yí fókọ́ọ̀sì nínú lẹ́ńsì yẹn, kò sì sí nínú D3100. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fi ọwọ́ yí fókọ́ọ̀sì. Bí Nikon tí kò ní mọ́tò bá ni tiyín, AF-S, àmì pé mọ́tò wà nínú lẹ́ńsì, ni kí ẹ máa wá lára rẹ̀. Lẹ́ńsì EF ti Canon kò ní wàhálà yìí, mọ́tò wà nínú wọn.

Ọjọ́ Iléyá tún ni ìdánwò mìíràn. Aṣọ funfun kún yídì, ojú àwọn ènìyàn sì dúdú lábẹ́ fìlà. Kámẹ́rà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, aṣọ á di eérú, ojú á di èédú. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un níwọ̀n kan, kí ẹ sì yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, kí ẹ lè rí nǹkan tún ṣe nílé. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré kò ní RAW rárá.

Síbẹ̀ mi ò ju kékeré nù. Ní àsìkò ọyẹ́, bí ẹ bá yọ lẹ́ńsì SLR níta, eruku ti wọlé. Ti kékeré kò ṣeé yọ. Bí mo bá ń gun òkè Sóbì, òun ló wà lápò mi. Àmọ́ nígbà tí mo gbé méjèèjì lọ wo àwọn ère òkúta ní Èsìé, nínú ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, SLR nìkan ló yà wọ́n láìlo fíláàṣì tí ọnà ara òkúta ṣì hàn kedere.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ mú mẹ́mọ́rì káàdì tiyín dání. Ẹ ya ògiri funfun ní f/16, kí ẹ wò ó bóyá àmì dúdú eruku orí sẹ́ńsọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn jù nínú ìsọ̀ náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gbé ọwọ́ lé orí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kí ọwọ́ náà tó kúrò.