Ibo la ó wà nígbà tí a kò bá lè wakọ̀ mọ́?

Ọjọ́bọ̀. Snellville, ní Georgia.

Ìlú tí a ó ti lo ọjọ́ ogbó wa ni èmi àti Bàbá Fọlá, ọkọ mi, wá ń wò kiri ní Georgia. Òní ni ó sọ ọ́ jáde gbangba pé Savannah, létíkun, ni òun fẹ́. Ó ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ ọ́ láti ìgbà tí a ti tibẹ̀ dé, ṣùgbọ́n nídìí oúnjẹ alẹ́ ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní òun kò rí ìdí tí ẹni tó ti fi ọdún gbọọrọ kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ní New Jersey yóò tún fi wá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Atlanta ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Onílé tó gbà wá lálejò rẹ́rìn-ín. Láti Bronx lòun náà ti kó wá síbí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ìjì kan kọ́kọ́ jà yín ní Savannah ná. Ẹ ó rántí wa." Èmi kò dá sí i. Ọ̀rọ̀ tèmi wà lọ́kàn mi, òun ni mo jókòó kọ kí oorun tó gbé mi lọ.

Àwọn tó ń bi wá pé kí ló dé tó fi jẹ́ Georgia, owó ni, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Owó orí ilé ní New Jersey wà lára èyí tó ga jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. A ti san gbèsè ilé wa tán, ṣùgbọ́n owó orí ilé kì í tán. Georgia kì í gba kọ́bọ̀ lórí Social Security, owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba àpapọ̀ ń san. Ẹni tó bá sì ti pé ọmọ ọdún 65, ìpínlẹ̀ kò ní fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ títí dé 65,000 dọ́là lọ́dún, ti ọkọ lọ́tọ̀, ti ìyàwó lọ́tọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ṣì ń mú ìpín tirẹ̀ o, ìyẹn kò yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Íbàdàn kò gbọ́ gbogbo àlàyé yìí. Lórí fóònù lánàá ó ní, "Ilé tí ẹ kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ta lẹ kọ́ ọ fún?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Social Security lè tẹ̀lé wa dé Ìjẹ̀bú-Òde, Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe fún àwọn àgbà, ni kò lè wá. Medicare kì í sanwó ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ Bàbá Fọlá ní àtọ̀gbẹ, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé a ó máa wálé nígbà ọyẹ́, a ó sì máa padà kí ooru tó mú. Nítorí náà ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfurufú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ìṣírò wa. Delta ń fò tààrà láti Atlanta sí Èkó. Ẹni tó bá ti fi orúnkún dídùn jókòó dúró de ọkọ̀ òfurufú kejì ní ìlú àwọn aláwọ̀ funfun kan ní òru mọ ohun tí mò ń sọ.

Bàbá Fọlá kò kúkú purọ́ nípa Savannah. Ìlú náà rẹwà. James Oglethorpe tẹ̀ ẹ́ dó ní 1733, ó là á ní gbàgede-gbàgede, 22 nínú àwọn gbàgede náà ṣì wà dòní. Igi ńláńlá ṣíji bò wọ́n, ohun kan bí irùngbọ̀n arúgbó sì ń fì láti orí ẹ̀ka wọn. Ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ìyá Fọlá, ibí gan-an ni màá ti máa ka ìwé ìròyìn mi." Mo ní ó dáa, ilé ńkọ́? Iye tí wọ́n ń pe ilé tó wà létí gbàgede wọ̀nyẹn, bí a bá ta ti New Jersey tí a tún ta mọ́tò méjèèjì lé e, a ó ṣì máa tọrọ. Èyí tí agẹ́ńtì rí fún wa tí owó wa ká, Pooler ló wà, lẹ́bàá òpópónà I-95, láàárín ilé ìtajà tí pápá ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ tóbi ju abúlé lọ. Kò sí ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn lọ ra búrẹ́dì. Mo sọ fún un pé Pooler la ó máa gbé, Savannah la ó máa wakọ̀ lọ wò bí àlejò.

Láti Savannah ni a ti yà kọjá odò sí South Carolina, a lọ wo Ọ̀yọ́túnjí nítòsí Sheldon. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ nípa rẹ̀. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ fún èèyàn pé ó ti ń kúrò ní Amẹ́ríkà, ó ti ń bọ́ sí ìjọba Yorùbá. Ọmọ Detroit ni ẹni tó dá a sílẹ̀ ní 1970. Walter King ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, kó tó di Ọba Adéfúnmi Kìíní, tí wọ́n sì dé e ládé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1981 nígbà Ọọ̀ni Ṣíjúwadé. Onígbàgbọ́ ni mí, n kò bá wọn bọ òrìṣà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbọ́ tí wọ́n ń kí wa ní "ẹ káàbọ̀" láàárín igbó South Carolina, nǹkan kan ṣe mí. Nínú mọ́tò mo ń rò ó pé ọkùnrin yìí kò wá ìlú tó bá òun mu lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò rí i, ó dá a sílẹ̀. Àwa tí wọ́n bí sáàárín Yorùbá gan-an, agẹ́ńtì là ń pè.

Ní ti ìjì, onílé wa kò ṣàwàdà. Nígbà tí ìjì Matthew ń bọ̀ ní 2016, tí ìjì Irma tún ń bọ̀ ní 2017, ìjọba pàṣẹ fún àwọn ará etíkun Georgia pé kí wọ́n kó jáde. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í sanwó omíyalé, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ra ti omíyalé. Ẹ jẹ́ kí n rán ọmọ Ìjẹ̀bú létí pé ọmọ Ìbàdàn ló fẹ́. Mo mọ ohun tí odò Ògùnpa ṣe ní 1980. Bí wọ́n bá ti ń pe omi mọ́ ilé, ara mi kì í gbà á.

Augusta ni mo kọ́kọ́ rò pé a ó fi parí ìjà. Ilé kò wọ́n níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wọn sì ti wà láti 1828, dókítà pọ̀ níbẹ̀. Ó jìnnà sí òkun dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjì Helene bá wọn níbẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2024. Igi wó lu ilé, iná lọ, omi ẹ̀rọ dá. Obìnrin kan tí a jọ ṣe nọ́ọ̀sì rí, tó ń gbé níbẹ̀, sọ fún mi pé àwọn kò tilẹ̀ ra omi pamọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ará etíkun ni wọ́n ka ìjì sí. N kò fi ìyẹn yọ Augusta kúrò. Ohun tó yọ ọ́ fún mi ni pé kò sí ẹnì kankan tiwa níbẹ̀ yàtọ̀ sí òun, òun náà sì fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ibì kan tún wà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, àdúgbò àwọn tó ti pé ọdún 55 sókè. Ó mọ́ tónítóní. Odò ìlúwẹ̀ẹ́, pápá ìṣeré, ilé àpéjọ, kò sí àtẹ̀gùn nínú ilé kankan. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1995 ló fún irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ láyè láti má gba ìdílé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, bí ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ilé tí èèyàn ń gbé níbẹ̀ bá ní ẹni ọdún 55 nínú. Ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri ṣe ọ̀yàyà gan-an. Bàbá Fọlá bi í pé, bí àwọn ọmọ Fọlá bá fẹ́ lo ọlidé gígùn lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ó ní ìwọ̀nba ọjọ́ lọ́dún ni òfin àdúgbò gbà fún ọmọdé láti sùn mọ́jú. Ọkọ mi wò mí. Mo mọ̀ pé ó ti parí níbẹ̀ yẹn. Nígbà tí a dé inú mọ́tò ó ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nínú ilé tiwọn yìí, ta ni yóò bá mi na ọwọ́ wọ akèrègbè?" A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ta ni yóò máa bá wa tún fóònù ṣe?

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tèmi.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti jẹ́ kí n rí àwọn arúgbó ilẹ̀ yìí ju bí mo ṣe rí àwọn òbí tèmi lọ. Mo ti rí ẹni tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́ lórí àtẹ̀gùn ilé olówó ńlá tó fúnra rẹ̀ kọ́. Mo ti rí ìdílé tó rò pé Medicare yóò sanwó ilé ìtọ́jú arúgbó títí ayé. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ló pọ̀ jù tó lè bá èèyàn dé lẹ́yìn tó bá ti ilé ìwòsàn jáde, láti ọjọ́ kọkànlélógún lọ aláìsàn náà sì ń dá nínú owó. Lẹ́yìn ìyẹn, àpò oníkálukú ni. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń pa wọ́n lẹ́kún jù kì í ṣe ìbàdí, kì í ṣe owó. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ wọn ni. Bàbá kan wà tó sọ fún mi pé òun sin ìyàwó òun, òun kò sunkún tó báyẹn.

Ní Georgia, ẹni tó bá ti pé ọdún 64 kò lè tún láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ rẹ̀ gbà láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Bàbá Fọlá ní àtọ̀gbẹ. Àtọ̀gbẹ àti ojú, ẹ bi nọ́ọ̀sì. Nítorí náà, bí gbogbo wọn ṣe ń jiyàn lórí oòrùn, lórí gáréèjì àti owó orí, obìnrin ọdún 82 kan ni mò ń wá ilé fún. N kò ì tíì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò wakọ̀ mọ́, ó fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, ó fẹ́ ra ẹ̀fọ́, kò sì fẹ́ máa pe ọmọ ọlọ́mọ kó wá gbé òun.

Mo wo Snellville yìí pẹ̀lú ojú rẹ̀. Àwọn èèyàn wa pọ̀ níbí àti ní Lawrenceville, ṣọ́ọ̀ṣì wa pọ̀, ẹni tó ń ta iṣu kò jìnnà. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀, inú mọ́tò ni. Lójú pópó ilé yìí gan-an, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ dá láàárín ọ̀nà, koríko ló kù. Ní 2019 àwọn ará Gwinnett, káǹtì tí Snellville wà, dìbò pé àwọn kò fẹ́ MARTA, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì Atlanta. Ní 2024 wọ́n tún dìbò kọ owó orí tí wọn ì bá fi fẹ ọkọ̀ akérò lójú. Káǹtì Cobb ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ́dún kan náà. Cobb yìí kan náà ni Bàbá Fọlá ń yìn nítorí pé ẹni tó bá ti pé 62 kì í san owó orí ilé ẹ̀kọ́ mọ́ lórí ilé tó ń gbé. Mo gbà, owó gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó tí a bá rí pa mọ́ níbẹ̀, tákísí ni yóò jẹ ẹ́ tán.

Ibi tí ojú mi wà ni apá Decatur sí Avondale, ní káǹtì DeKalb, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta. Kì í ṣe àárín ìlú Decatur fúnra rẹ̀, ibẹ̀ wọ́n bí ojú. Èyíkéyìí tó bá ti lè sún mọ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin Avondale tàbí Kensington. Ilé ìwòsàn ńlá wà nítòsí. Ọjà DeKalb Farmers Market tí wọ́n ṣí ní 1977 wà níbẹ̀. Mo rí ìsọ̀ rẹ̀, mo rí ẹja, mo rí ata tó ta dáadáa, mo gbọ́ èdè tí n kò lè kà tán. Ọkọ̀ ojú irin yóò gbé wa dé ibùdó Five Points, a ó pààrọ̀, èyí tó kù yóò sì gbé wa wọnú pápákọ̀ òfurufú gan-an. Láìsọ̀rọ̀ mọ́tò rárá, láti ẹnu ọ̀nà wa dé Èkó. Àgbà ọdún 65 sókè sì ń wọ MARTA ní dọ́là kan tó bá ti gba káàdì tiwọn.

Mo sọ èyí fún un nínú yàrá ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ó ní ariwo yóò wà. Mo ní Bronx ló ti fẹ́ mi, ariwo kò pa á nígbà náà. Ó ní ilé ibẹ̀ ti gbó. Òótọ́ ni, ikán Georgia kì í ṣeré, a ní láti jẹ́ kí wọ́n yẹ abẹ́ ilé wò kí a tó tọwọ́ bọ ìwé. Mo wá mú kókó tí mo fi pamọ́ jáde. Ní Georgia, ará ìpínlẹ̀ tó bá ti pé ọdún 62 lè jókòó kàwé ní yunifásítì ìjọba láìsan owó ilé ẹ̀kọ́, bí àyè bá ṣẹ́kù nínú kíláàsì. Georgia State wà láàárín Atlanta, ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọkọ mi ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n pé ìtàn ni òun ì bá kà, bí kì í bá ṣe pé bàbá rẹ̀ fẹ́ akáǹtì. Ó dákẹ́. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo nǹkan, kò jẹ́ kí n rí i.

Lọ́la a ó fi mọ́tò sílẹ̀ níbí. Ìyàwó onílé wa yóò já wa sí Kensington ní òwúrọ̀, yóò máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. A ó fẹsẹ̀ rìn, a ó wọ bọ́ọ̀sì, a ó lọ sọ́jà, a ó wo bí ó ṣe rí lórí orúnkún. Bí ó bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó háyà ilé níbẹ̀ fún ọdún kan ná, a kò ní ra nǹkan kan. Bàbá Fọlá ti gbà, ṣùgbọ́n ó ní ilé tí a bá háyà gbọ́dọ̀ ní gáréèjì fún mọ́tò òun.