Lẹ́ẹ̀dì (solder, èyí tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ irin pọ̀) wo ló dáa jù láti fi jó nǹkan mọ́ ọ̀pá ìbọn ṣakabùlà?

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìbọn yín fún wẹ́dà pé kó fi bráàsì jó ojú ìbọn, irin kékeré tẹ́ ẹ fi ń wo ọ̀kánkán, mọ́ ọ o. Ìbọn ọdẹ tó níwèé àṣẹ ni mò ń tún ṣe l'Óṣogbo níbí, irú ẹ̀ tí wọ́n máa ń gbé wá bá mi ò kéré rárá. Iná bráàsì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900°C kó tó yọ́, kó tó débẹ̀ irin ti pọ́n, inú ọ̀pá á máa yọ ìpẹ́, òmíì tiẹ̀ máa wọ́. Irin tí ò ju èékánná lọ, kí ló fẹ́ fi gbogbo iná yẹn ṣe?

Lẹ́ẹ̀dì làwọn nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ fẹ́. Tàwọn tó ń tún rédíò ṣe, 60/40 yẹn (tíìnì 60, òjé 40), nǹkan bí 183 sí 190°C ló ti ń yọ́, ó mú, àmọ́ ó rọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni tíìnì tó ní fàdákà díẹ̀ nínú, 221°C ló ń yọ́, ó le ju ti rédíò lọ, kò sì ní òjé. Tẹ́ ẹ bá ti fi páálí iyanrìn ha irin náà títí ó fi ń dán, ẹ máa wo àwọ̀ ẹ̀ bí iná ṣe ń gbà á: tó bá ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí koríko gbígbẹ, ó ti tó nìyẹn, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kàn án, irin fúnra ẹ̀ ni kó yọ́ ọ kì í ṣe iná. Tó bá di búlúù, iná ti pọ̀ jù, ó ti ń lọ sí 300°C.

Kẹ́ ẹ tó tanáá rárá ṣá o! Bàbá ọdẹ kan gbé tiẹ̀ wá láti apá Ìlobùú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀." Mo ní ẹ má bínú bàbá, ẹ jẹ́ n wò ó. Mo ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ìbọn wọlé, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i níbi ẹnu ìbọn, mo wá fà á jáde mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìbọn níta, ó kù bí ìka mẹ́rin kó dé ìdí. Ẹ̀tù ṣì wà nínú ẹ̀! Ẹni yòówù kó sọ fún yín pé òfìfo ni, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbé e súnmọ́ iná.

Oje igi gbígbẹ (rosin) tó wà nínú lẹ́ẹ̀dì rédíò ò lè fọ irin, ẹ wá flux oní-ásíìdì, ìyẹn nǹkan tó ń fọ ojú irin kí lẹ́ẹ̀dì lè mú un, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì kun ojú méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Ìdí ìbọn ńkọ́? Ẹ má fi lẹ́ẹ̀dì jó o láéláé, ibẹ̀ ni ẹ̀tù ti ń bú, irin tó ní ojú ìdè bíi ti bóòtì, tí wọ́n ń yí wọlé, ló gbọ́dọ̀ dì í. Tẹ́ ẹ bá ti parí, ẹ fi omi gbígbóná àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì fọ ásíìdì yẹn kúrò dáadáa, ẹ gbẹ ẹ́, kẹ́ ẹ fi òróró pa á lọ́jọ́ náà, torí tó bá sùn mọ́jú, ó ti dógùn-ún nìyẹn.