Ta ló yẹ kó fún ọmọṣẹ́ ní fírídọ̀mù?

Corolla kan ló là mí lójú. Ọdún kejì lẹ́yìn fírídọ̀mù mi ni. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi lọ́nà Òmùò níbí ní Kàbà, wọ́n sì ti ń pè mí ní Ọ̀gá Rẹwáyà, torí iṣẹ́ iná mọ́tò ni mò ń ṣe. Mọ́tò kọ̀, kò jáná. Mo mú tẹ́sítà tí Ọ̀gá mi kọ́ mi, gílóòbù kan àti wáyà méjì, mo ń fi í kan wáyà tó wọnú bréènbọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù tàn, inú mi dùn. Kò pẹ́ ni òórùn bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ike ń jó. Iná tí gílóòbù yẹn fà ju èyí tí inú bréènbọ́ọ̀sì lè gbà lọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san owó rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

N ò di ẹ̀bi ru Ọ̀gá mi. Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ wọn, mo pọnmi, mo kọ ebè iṣu lóko wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n kọ́ mi. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, mọ́tò tí ń bọ̀ sọ́dọ̀ wọn kò ní bréènbọ́ọ̀sì. Ohun tó ń dùn mí ni pé lọ́jọ́ fírídọ̀mù, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè kan. Bàbá mi ra mínírà àti bíà, pásítọ̀ gbàdúrà, a ya fọ́tò, mo di ọ̀gá.

Nígbà káṣú lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ àwọn tó wá ra káṣú láti Sábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, kú síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. A kí awakọ̀ wọn ní “Ọkun o”, ó rẹ́rìn-ín, ó fi Yorùbá tiwọn dá wa lóhùn. Mo ń wá tẹ́sítà, òun ti fa mítà tí wọ́n fi ń wọn iná yọ lábẹ́ ìjókòó. Ó fi ẹnu kan kan orí bátìrì, lápá ẹ́ẹ̀tì, ibi tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ó fi èkejì kan ara ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ọmọṣẹ́ mi yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Nọ́ńbà tó yẹ kó wà nítòsí òdo fò dé 3. “Ẹ́ẹ̀tì ni,” ó ní. A tú wáyà náà: ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ṣọ́ọ̀bù bíi tèmi ni awakọ̀ yẹn náà ti kọ́ṣẹ́. Àmọ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ń jẹ́ kó lọ sílé ẹ̀kọ́, fún ọdún mẹ́ta, ìjọba ló sì ṣe ìdánwò àṣekágbá. CQP ni wọ́n ń pe ìwé ẹ̀rí náà, láti 2005 ni òfin rẹ̀ ti wà, àwọn ará Switzerland sì wà lára àwọn tó bá wọn gbé e ró. Ẹni tí kò kàwé jìnnà ní tirẹ̀, CQM.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tẹ fóònù títí dátà fi tán. Àwọn Jámánì, tí gbogbo ayé ń wò kọ́ṣe, ní òfin 1969 lórí ọ̀rọ̀ yìí: ọmọṣẹ́ ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ló sì ń dán an wò níkẹyìn. Láti 2003, wọ́n ti pa iṣẹ́ mẹkáníìkì àti rẹwáyà pọ̀ di ọ̀kan, ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. (Ẹ dá irú ẹ̀ lábàá ní mẹkáníìkì Kàbà, kí ẹ wá wo ìjà.) Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọ̀gá ló ń san owó oṣù fún ọmọṣẹ́. Ní Geneva ní June 2023, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, fọwọ́ sí ìmọ̀ràn 208: kí ọmọṣẹ́ ní ìwé àdéhùn, kó sì máa gbowó. Ó dára. Èmi tí mọ́tò mẹ́ta ń bá lọ́sẹ̀, níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Lọ́dọ̀ wa, òbí ló ń sanwó fọ́gàá. Ti Benin ló bá wa mu.

Ìrànlọ́wọ́ òkèèrè tí mo fojú rí nítòsí wa, páálí ni. Wọ́n kó ẹ̀rọ ìyẹ̀wò mọ́tò wá, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wa, wọ́n pín tíṣáàtì. Ẹ̀rọ wà nínú páálí títí dòní, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ti lọ sí Lọ́kọ́ja. Ká ní wọ́n bi mí, olùdánwò ni ǹ bá ní kí wọ́n fún wa, ẹni tí yóò dán àwa ọ̀gá gan-an wò kí a tó gba ọmọ ọlọ́mọ. Ìdánwò tréèdì tẹ́ẹ̀sì ti ìjọba wa wà o, àmọ́ nínú àwa tí a jọ kọ́ṣẹ́, ẹni tó ń wáṣẹ́ ìjọba nìkan ló lọ ṣe é.

Ní báyìí, èmi àti ọ̀gá kan ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ti fohùn ṣọ̀kan: òun ló ń dán àwọn ọmọṣẹ́ mi wò, èmi ń dán tirẹ̀ wò. Ọmọṣẹ́ mi àkọ́kọ́ fẹ́ jáde lóṣù tó kọjá. Ọ̀gá yẹn tú wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́tò kan ní kọ̀rọ̀, ó ní kó wá ohun tó ṣe é. Wákàtí méjì, kò rí i. Mo ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ìyá rẹ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọn ò jókòó. “Ọ̀gá, mo ti ra mínírà. Mo ti pe ará Mọpà, mo ti pe ará Ìsánlú. Kí ni kí n sọ fún wọn?”

Páálí mínírà náà ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ ń wò ó.