Kí ẹ tó ní kí wọ́n ṣí pọ́ǹpù: agbára tó sọnù lára ẹ́ńjìnì gásọ́ọ̀lì àtijọ́

Ẹ wo kámíọ̀ Mercedes 1113 tó so rẹ̀mọ́ọ̀kì àgbàdo mọ́dìí ní Kétu, tó dorí kọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ó sọ̀ kalẹ̀ dé Ìsàbà láìsí wàhálà. Ìgbà tó kù kó gùn padà sókè sí Pọ́bẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé: jíà kẹta, jíà kejì, èéfín dúdú bo ọ̀nà, onízẹ́mì (ọlọ́kadà) tó wà lẹ́yìn ń fi apá bo imú. Lọ́jọ́ kejì awakọ̀ á gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ, á ní: "Ẹ bá mi ṣí pọ́ǹpù sí i díẹ̀." Wọ́n á sì ṣí i, kí gásọ́ọ̀lì (dísẹ́ẹ̀lì) tí pọ́ǹpù ń tì sínú ẹ́ńjìnì lè pọ̀ sí i, nítorí iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10 ni. Èéfín á pọ̀ sí i, gásọ́ọ̀lì á tètè tán, òkè náà á ṣì máa bá a jà.

Ẹ́ńjìnì OM352 tó wà nínú ọ̀pọ̀ 1113 ní sílíńdà 6, lítà 5.7 ni, kò sì ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnì. Agbára ẹṣin 130 ni wọ́n fún un nígbà tó jáde ní Jámánì. Èyí tó ti ṣiṣẹ́ fún 40 ọdún lórí ilẹ̀ pupa wa, bí 100 bá ṣì kù nínú rẹ̀, ó gbìyànjú. 30 tó sọnù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lọ. Kò ní ba ohunkóhun jẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì owó tọ́bò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé gásọ́ọ̀lì kì í dá jó. Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí písítìnì bá fà wọlé ni gásọ́ọ̀lì yóò bá jó. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á di èéfín dúdú. Nítorí náà, kámíọ̀ tó ti ń yọ èéfín dúdú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, afẹ́fẹ́ ló ń wá, tàbí kó jẹ́ pé gásọ́ọ̀lì rẹ̀ kò fọ́n dáadáa. Bí ẹ bá bu gásọ́ọ̀lì kún un, ooru lẹ ń rà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹ́dà, nítorí kò ní ná yín ní fùráǹkì kan. Ẹ pa ẹ́ńjìnì. Kí ẹnì kan jókòó sórí àga awakọ̀, kó tẹ pẹ́dà gáàsì títí yóò fi kan ilẹ̀, kí ẹlòmíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó wo apá irin kékeré tó wà lára pọ́ǹpù. Apá yẹn gbọ́dọ̀ lọ kan síkúrúù tó dá a dúró. Lára kámíọ̀ àtijọ́, ẹ óò rí i pé ó ku bí ìbú ìka kan kó kàn án. Ó lè jẹ́ pé ọ̀pá irin tó so pẹ́dà mọ́ pọ́ǹpù ti tẹ̀, tàbí orí ọ̀pá náà ti jẹ tán, tàbí kó jẹ́ ẹní rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ pẹ́dà ni kò jẹ́ kó délẹ̀. Awakọ̀ rò pé òun ti tẹ gbogbo rẹ̀, pọ́ǹpù kò rí ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ọ̀pá náà, ẹ fà á gùn sí i tàbí kí ẹ dín gígùn rẹ̀ kù títí apá irin yóò fi kan síkúrúù gẹ́lẹ́ nígbà tí pẹ́dà bá kan ilẹ̀. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń pe irú àìsàn yìí ní "pọ́ǹpù ti kú".

Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́. Ní àsìkò ọyẹ́, fíltà tó ń lo ọ́ìlì nísàlẹ̀ kì í pẹ́ tó fi kún fún ẹrẹ̀ pupa. Bí ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ bá ti nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ da ọ́ìlì náà nù, ẹ fi gásọ́ọ̀lì fọ abọ́ àti wáyà inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ da ọ́ìlì tuntun dé ojú ìlà, kó má kọjá. Tó bá kọjá ìlà, ẹ́ńjìnì á máa fa ọ́ìlì mu. Kí ẹ tó dè é padà, ẹ yọ rọ́bà ńlá tó wà láàrin fíltà àti ẹ́ńjìnì, ẹ ti ìka bọ inú rẹ̀, ẹ fi ra. Bí ìka bá mọ́, ó dára. Bó bá jáde ní pupa, yanrìn ti ń kọjá fíltà wọlé, ó sì ń lọ ríńgì písítìnì bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Ìdè rọ́bà ló sábà máa ń tú tàbí kí rọ́bà fúnra rẹ̀ ti ya lábẹ́, níbi tí ojú kò dé. Ẹ wo páìpù èéfín náà bóyá ó ti tẹ̀ wọnú níbìkan.

Ibi tí mo fẹ́ kí a pẹ́ sí ni gásọ́ọ̀lì, nítorí ibẹ̀ ni agbára púpọ̀ ń gbà lọ ní agbègbè wa. Gásọ́ọ̀lì inú bídọ́ọ̀nù ẹ̀bá ọ̀nà lè ní omi, iyanrìn, tàbí kẹrosíìnì nínú. Omi á mú kí inú pọ́ǹpù dípẹtà. Kẹrosíìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ̀, bẹ́ẹ̀ gásọ́ọ̀lì ló ń mú kí àwọn písítìnì kékeré inú pọ́ǹpù àtijọ́ yìí máa yọ̀. Bó bá di dandan kí ẹ rà á, ẹ jẹ́ kí bídọ́ọ̀nù náà dúró jẹ́ẹ́ mọ́jú, kí ẹ má sì da lítà 2 tàbí 3 tó gbẹ̀yìn sínú táńkì.

Ẹ pààrọ̀ fíltà gásọ́ọ̀lì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra hóòsì kan tí ojú ń ríran kọjá nínú rẹ̀, ẹ fi rọ́pò hóòsì tó ń dá gásọ́ọ̀lì padà sí táńkì, ẹ tan ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá rí ìfófó wẹ́wẹ́ tó ń sáré tẹ̀lé ara wọn bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbìkan láàrin táńkì àti pọ́ǹpù kékeré tó ń fa gásọ́ọ̀lì wá fún pọ́ǹpù ńlá. Ìdè hóòsì tàbí wáṣà bàbà tí wọ́n ti lò lẹ́ẹ̀mẹta ló sábà ń fa á. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mánò, ohun tó ń wọn bí gásọ́ọ̀lì ṣe ń tì tó, sí àárín fíltà àti pọ́ǹpù ńlá. Fún pọ́ǹpù ìlà Bosch, tí ọ̀nà gásọ́ọ̀lì rẹ̀ tò ní ìlà kan, bíi bar 1 sí 1.5 ni kó wà. Bó bá ń já bọ̀ sí òdo nígbà tí ẹ́ńjìnì ń sáré, ẹ wo asẹ́ kékeré ìdí pọ́ǹpù kékeré, ẹ wo ẹnu páìpù tó wà nínú táńkì, kí ẹ sì wo síkúrúù onísípíríìnì tó ń jẹ́ kí gásọ́ọ̀lì padà. Sípíríìnì yẹn á rọ̀ bó bá gbó, gásọ́ọ̀lì á kàn máa ṣàn padà sí táńkì, ebi á sì máa pa pọ́ǹpù ńlá lórí òkè nìkan. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe é.

Àlàfo fáàfù OM352, nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù: 0.20 mm fún èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.30 mm fún ti èéfín. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni.

Ẹ̀ńjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n gásọ́ọ̀lì sínú sílíńdà, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní nọ́sù, ẹ gbé gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sórí ẹ̀rọ ìdánwò. Nǹkan bíi bar 200 ló yẹ kí wọ́n máa ṣí. Kí ó fọ́n bí ìkùukùu, kó sì gé lójijì; èyí tó bá ń kán tó-tó-tó lẹ́yìn tó ti fọ́n tán, iná rẹ̀ ló ń jó orí písítìnì. Nígbà tí ẹ bá ń dá wọn padà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò. Wáṣà bàbà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò wò ó á fi tuntun lé e lórí, ẹ̀ńjẹ́tọ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ, gásọ́ọ̀lì kò sì ní bọ́ sí àárín kòtò orí písítìnì mọ́.

Ní ti àkókò tí pọ́ǹpù ń fọ́n gásọ́ọ̀lì, iye dígírì tó wà nínú ìwé ẹ́ńjìnì yín ni kí ẹ tẹ̀lé. Bó bá pẹ́ jù, èéfín eérú, agbára kò sí, páìpù èéfín á gbóná gan-an. Bó bá yá jù, ẹ óò gbọ́ kíkan bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń lu irin, agbára á dà bí ẹni pé ó pọ̀ díẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì á sì san gbèsè rẹ̀.

Kí owó tó jáde fún pọ́ǹpù tàbí tọ́bò, ẹ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnì náà lè gbà á. Nígbà tó bá gbóná, tó sì ń dún jẹ́jẹ́, ẹ tú ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ gbé e lé ihò náà láì dè é. Bó bá kàn ń gbọ̀n díẹ̀, ó dára. Bó bá ń jó, tó fò dànù, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ ríńgì kọjá. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n wọn kọ̀ǹpùrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ kéré sí àwọn yòókù, ẹ tún inú ẹ́ńjìnì ṣe ná. Tọ́bò kì í wo àgbà ríńgì sàn.

Nísinsìnyí a lè sọ̀rọ̀ ṣíṣí pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù ìlà ti OM352, orí ẹ̀rọ ìdánwò ni kí wọ́n ti ṣe é, nítorí pé ọ̀nà mẹ́fà ni gásọ́ọ̀lì ń gbà jáde, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹni tó bá yí síkúrúù nìkan lẹ́yìn rẹ̀, tí ọ̀nà mẹ́fà náà kò dọ́gba, sílíńdà tó ń gba púpọ̀ jù ni yóò kọ́kọ́ yọ́. Ti ẹ́ńjìnì Toyota, 2L tàbí 3L ti Hilux àti 1HZ ti Land Cruiser, yàtọ̀: pọ́ǹpù róbótó (rotary) ni, síkúrúù gásọ́ọ̀lì rẹ̀ wà ní apá ibi tí àwọn páìpù ẹ̀ńjẹ́tọ̀ ti jáde, nọ́ọ̀tì kan ló dè é mọ́lẹ̀. Ẹ fi kun sàmì sí ibi tó wà. Ẹ yí i wọlé ní ìdá kan nínú mẹ́jọ yíyí, ẹ dè é, ẹ gbé ẹrù, ẹ lọ gun òkè kan náà. Dídún jẹ́jẹ́ rẹ̀ á lọ sókè. Ẹ fi síkúrúù dídún jẹ́jẹ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí èéfín bá kàn rú fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ ṣe ń tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ tó sì mọ́, ẹ ti dé ibi tó yẹ. Bó bá dúdú láti ìsàlẹ̀ òkè dé òkè, ẹ dá a padà. Síkúrúù tó ń dá eré ẹ́ńjìnì dúró lókè pátápátá, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá: eré ni yóò fún yín, kì í ṣe agbára fífà, ọ̀pá písítìnì sì lè já.

Ẹni tó bá ń ṣí pọ́ǹpù láìní ohun tó ń wọn ooru èéfín, afọ́jú ló ń wakọ̀. Ẹ gbẹ́ ihò fún un lára irin tó ń kó èéfín jọ, kó tó dé tọ́bò bí tọ́bò bá wà. Lórí òkè gígùn, kó má kọjá 650°C. Bó bá fẹ́ kan 700°C, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè kí ẹ sì sọ jíà kalẹ̀. Lẹ́yìn tọ́bò, nọ́ńbà tí ẹ óò rí á kéré sí èyí tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ó sì lè ju 100°C lọ, ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ.

Tọ́bò ló ń fún ẹ́ńjìnì ní ohun tó ń wá gan-an, ìyẹn afẹ́fẹ́. Mercedes fúnra wọn ṣe OM352A, tó ní tọ́bò, agbára ẹṣin rẹ̀ sì dé 168, ṣùgbọ́n wọn kò kàn so tọ́bò mọ́ ọn lásán: písítìnì àti pọ́ǹpù rẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi sára èyí tí kò ní, ẹ má kọjá bar 0.5 sí 0.7. Lára 1HZ, ẹ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀, nítorí yàrá kékeré tí iná ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú orí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń kó ooru jọ, ó sì máa ń sán. Ohun tó ń pa tọ́bò jù níbí ni páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó dagẹ̀rẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀ láì gbé orí sókè níbìkan, kó sì wọnú àpótí ọ́ìlì lókè ojú ọ́ìlì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì á dúró sínú tọ́bò, á gba sílì rẹ̀ jáde, èéfín aró á máa yọ, wọ́n á sì ní tọ́bò burúkú ni wọ́n tà fún àwọn. Bí ẹ bá gun òkè tán tí ẹ dúró, ẹ jẹ́ kó dún jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kí ẹ tó pa á.

Má ṣe jẹ́ kí wọ́n yọ tẹ́mọ́stáàtì. Mo mọ̀ pé gbogbo gáréèjì ló ń yọ ọ́ jù sígbó. Láìsí i, apá kan omi lè máa gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnì láì dé rédíétọ̀ lórí òkè, ẹ́ńjìnì á sì tutù jù ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, gásọ́ọ̀lì á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà. Rédíétọ̀ ni kí ẹ fọ̀, kí omi gba ẹ̀yìn jáde síwájú, kí eruku àti ìyẹ́ kòkòrò lè bọ́ síta.

Ẹ wo táyà pẹ̀lú. Ẹni tó bá yọ 9.00-20 tó fi 10.00-20 sí ẹ̀yìn ti sọ bíi 3 sí 4 nínú 100 agbára fífà nù, láì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Lórí òkè, OM352 máa ń fà dáadáa láàrin 1500 sí 2000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan; ẹ sọ jíà kalẹ̀ kó tó jábọ̀ sábẹ́ 1500, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti ń gbọ̀n. Bí ìyípo ẹ́ńjìnì bá lọ sókè tí kámíọ̀ kò sì yá sí i, kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀, agbára tuntun yẹn kò dé ẹsẹ̀.

Búrékì kẹ́yìn, nítorí ẹrù tí ẹ́ńjìnì bá fà gùn òkè, búrékì ni yóò dì í mú tó bá ń sọ̀. Iye kílò tó wà lórí kárítì gríìsì (ìwé ọkọ̀) kò yí padà nítorí tọ́bò. Bí rẹ̀mọ́ọ̀kì bá ní hóòsì afẹ́fẹ́ méjì, pupa ni ti afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, òféfèé ni ti pẹ́dà. Bí wọ́n bá fi ọ̀kan sípò èkejì, búrékì rẹ̀mọ́ọ̀kì kò ní tú, ẹ óò sì tún máa sọ pé ẹ́ńjìnì kò lágbára.