Orúkọ Mi Ló Ṣáájú Nínú Fáìlì Náà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí Wọ́n Fẹ́ Gbé Kúárì Wá Sí Ẹ̀yìn Ilé Wa

Kò tíì pé oṣù kan tí ọ̀rọ̀ yìí rọlẹ̀, ojú sì ṣì ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Mo ń kọ ọ́ nítorí ẹ̀yin tí ẹ kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn bíi tiwa, yálà ní Ọ̀nà-Àrà, Ẹgbẹ́dá, Akínyẹlé, Ìdó, Lágelú tàbí Olúyọ̀lé. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ jíìpù kan yóò dúró, ọkùnrin kan tó di fáìlì mọ́ abíyá yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì béèrè ilé alága.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa, tó wà kọjá Amúlòkò lójú ọ̀nà Àkànràn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ọdún 31 ni mo sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkọ àti ìwé kíkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí tó bó ṣe dùn mí. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa tí àwọn ìyá máa ń sá láfún sí lórí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti ẹ̀yìn ilé ìdáná mi dé ìdí rẹ̀. Ìṣísẹ̀ 612 ni.

Ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí ìdílé tó ni ilẹ̀ ni àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ sọ àpáta náà di kúárì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tà, kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwa tí a ń sun ibẹ̀ tí a ń jí ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ délé, wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. A lọ, a sì sọ tẹnu wa. Ẹni kan tó jẹ́ kọ́lékọ́lé láàárín wa ṣàlàyé pé bí wọ́n bá lu ihò sínú àpáta, tí wọ́n ki ẹ̀tù sí i, tí wọ́n sì yìn ín, kì í ṣe òkúta nìkan ló ń gbọ̀n, pé ìmìtìtì náà ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá sí ìpìlẹ̀ ilé, àti pé ilé tí a fi búlọ́ọ̀kù onínáírà díẹ̀díẹ̀ kọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án kò lè fara da irú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀ lórí eruku: òkúta gíránáítì ní sílíkà nínú, èyí tó kúnná jù nínú eruku rẹ̀ ni ojú kò rí, òun náà ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó, àpá tó bá sì dá síbẹ̀ kò sí oògùn tó ń pa á rẹ́. Ìyá Alákàrà sọ̀rọ̀ lórí kànga rẹ̀. Kò sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, nítorí àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìbàdàn, omi tí à ń fà kò sì sí níbòmíràn ju inú ilẹ̀ tó ti rọ̀ lórí àpáta náà àti inú ibi tó ti sán. Ẹni tó bá ń mi àpáta náà, kò mọ ibi tí omi ọlọ́mi yóò gbà lọ.

Èmi ni mo sọ ti ẹ̀tù. Kò sí ará Ìbàdàn tó gbàgbé alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ẹ̀tù tí ìjọba ní àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ tọ́jú sínú ilé bú gbàù ní Bódìjà, tó wó ilé, tó sì pa èèyàn márùn-ún. Ẹ̀bà ni mo ń jẹ lọ́wọ́ lọ́hùn-ún kọjá Amúlòkò, gíláàsì fèrèsé mi sì dún. Mo bi àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ náà pé ibo ni ẹ máa kó tiyín pa mọ́ sí? Wọ́n ní àwọn yóò ṣe é bí òfin ti wí. Gbogbo ìdáhùn wọn ní ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ló rí.

(Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ pé a kórìíra ìdàgbàsókè, kó wá wo dẹ́kìn ilé mi. Òkúta wẹ́wẹ́ láti kúárì ni mo fi dà á. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọ́ òkúta. A ní kó má fọ́ ọ ní ìṣísẹ̀ 612 sí ilé ìdáná wa.)

Nígbà tí ìpàdé parí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó mọ ọmọlúàbí í ṣe gbé pépà kiri. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa kọ orúkọ yín kí a lè mọ iye oúnjẹ tí a máa pín.” Pépà náà kò ní àkọlé kankan, ìlà lásán ni wọ́n fà sí i. Àwọn ìyá kan ń lọ́ra. Èmi ni mo fa báírò aláwọ̀ ewé yọ lápò, mo kọ orúkọ mi sí òkè pátápátá, mo fọwọ́ sí i, mo sì yíjú sí àwọn ìyá náà pé, “Ẹ wá kọ ọ́, orúkọ lásán ni.” Ọ̀rọ̀ tí mo sọ gan-an nìyẹn. Àwa 47 la kọ ọ́, àwọn tí kò mọ̀wé sì tẹ̀ka. Mo jẹ ráìsì náà, n kò ní purọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà tí wọ́n pè ní owó ọkọ̀, inú àpò ẹgbẹ́ ni mo fi tèmi sí, akápò sì lè jẹ́rìí mi.

Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, àwa mẹ́fà gbéra lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí ọ̀rọ̀ náà kàn, a mú ìwé ìfẹ̀hónúhàn tí mo fọwọ́ ara mi kọ lọ́wọ́. Obìnrin tó gbà wá kò fi wá wọ́lẹ̀ rárá. Ó fún wa ní àga, ó ka ìwé wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dìde, ó sì mú fáìlì kan tó nípọn bí búrẹ́dì wá. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará àdúgbò ti fọwọ́ sí i pé ẹ fara mọ́ ọn.”

Alága ní irọ́ ni. Obìnrin náà kò bá a jiyàn, ó kàn yí fáìlì náà kọjú sí wa ni. Ojú ewé kan wà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀, tó sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn tí orúkọ wọn tẹ̀ lé e yìí ti gbọ́ àlàyé, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì gbà kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. N kò rí ojú ewé yẹn rí láyé mi. Ó ṣí èyí tó tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà kìíní, orúkọ mi. Aláwọ̀ ni wọ́n tẹ ẹ̀dà náà, nítorí náà báírò ewé mi hàn kedere. Ìrù tí mo máa ń fà gùn wá sísàlẹ̀ nínú ìfọwọ́síwèé mi, èyí tí mo ti fi sí ìwé èsì ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ láìmọye ìgbà, ó wà níbẹ̀, ó gùn dé orí orúkọ ẹnì kejì.

Obìnrin náà wò mí. Ó ní, “Bàbá, ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyí?”

Ẹnu mi gbẹ. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, ṣùgbọ́n kò jáde. Ìyá Alákàrà, tí a mú lọ nítorí kànga rẹ̀, fa àga sún mọ́ tábìlì. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò dá àmì ìka ara rẹ̀ mọ̀ bó bá ní àpá, àpá ọ̀bẹ sì wà ní àtàǹpàkò ìyá náà láti ìgbà èwe. Ó rí i ní nọ́ńbà 9. Ó fi ìka náà gan-an lé orí àmì rẹ̀ nínú fáìlì, ó gbé e kúrò, ó tún fi lé e. Ó wá kọjú sí mi, kò sì pariwo: “Akọ̀wé, ṣebí ìwọ lo ní orúkọ lásán ni.”

Nígbà tí a jáde dé Géètì láti wọkọ̀, àwọn márùn-ún há ara wọn sínú Micra kan, wọ́n ní ó ti kún. Lóòótọ́ ó ti kún. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà, àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la jọ há sínú irú rẹ̀ wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ládùúgbò pé mílíọ̀nù mẹ́ta ni mo gbà. Ẹlòmíràn ní márùn-ún ni. Ní òru, ìyàwó mi dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Bàbá Fẹ́mi, ẹ má bínú o, ṣé ẹ gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn?” N kò bá a wí. Mo kàn ń ronú pé bí òun bá lè béèrè, kí ni n óò fi dá àwọn yòókù lẹ́bi?

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú jù lọ nìyí, bí ẹ kò bá mú òmíràn: ẹ má ṣe kọ orúkọ yín sí pépà tí kò ní àkọlé. Kí ẹ̀yin fúnra yín kọ àkọlé náà sí òkè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan, pé “A wá sí ìpàdé nìkan, a kò gba iṣẹ́ yìí láyè.” Kí ẹ kọ déètì. Nígbà tí orúkọ bá tán, kí ẹ fa ìlà gbọọrọ sí abẹ́ èyí tó kẹ́yìn, kí ẹ sì fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá ní àkọlé yẹn kò bá àwọn lára mu, ẹ mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ìdáhùn tí ẹ wá gbọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì jọ èyí tí mo sọ tán: ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé tiyín. Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nípa eruku, ohun tí Ìyá Alákàrà sọ nípa omi, kò sí ẹyọ kan nínú fáìlì náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé “àwọn ará àdúgbò béèrè nípa iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ wọn.” Èmi akọ̀wé, n kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ ni mo ń sọ. Akọ̀wé tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó gbé báírò fún ẹlòmíràn.

Ẹ tún mọ ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi ṣòfò ní ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹnì kan tó là á yé wa pé òfin ilẹ̀ wa fi ohun àlùmọ́nì sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, àti pé Àbújá ni ìwé àṣẹ kúárì ti ń wá. Ṣùgbọ́n òfin àyẹ̀wò àyíká ti ọdún 1992, ìyẹn àyẹ̀wò bí iṣẹ́ kan yóò ṣe kan àyíká, sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kíkún fún kúárì tó bá wà láàárín kìlómítà 3 sí ibi tí èèyàn ń gbé, wọ́n sì máa ń pàtẹ ìwé àyẹ̀wò náà fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí aráàlú lè kà á, kí wọ́n sì kọ èsì. Òfin ohun àlùmọ́nì ti ọdún 2007 náà, ní abala 116, ní kí ilé-iṣẹ́ bá àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi nílò orúkọ wa. Orúkọ tí mo pè ní lásán, òun ni wọ́n ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ sì ya àwòrán ògiri ilé yín nísinsìnyí, pẹ̀lú déètì, kí ẹ wọn jíjìn omi kànga yín, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ó ti sán tẹ́lẹ̀.

Bí a ṣe bọ́ kò gùn. Ọmọ akápò, tó jẹ́ lọ́yà, ní kí ẹni tó bá kọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ búra ní kóòtù Ìyágankú pé oúnjẹ ni wọ́n ní àwọn ń kọ orúkọ sí. Èmi ni mo kọ́kọ́ búra, èèyàn 39 sì tẹ̀ lé mi. A kó o pọ̀ mọ́ èsì wa, a fi sílẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta kí gbèdéke ọjọ́ iṣẹ́ 21 náà pé. Lẹ́tà wá pé kí ilé-iṣẹ́ náà padà lọ bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àpáta wa ṣì dúró, láfún sì wà lórí rẹ̀ ní àárọ̀ yìí.

Wọ́n tún ti dá ọjọ́ ìpàdé mìíràn. Mo ra ìwé ńlá ẹléèpo líle kan, mo fi báírò dúdú kọ àkọlé sí òkè gbogbo ojú ewé rẹ̀, mo sì gbé e lọ sílé Ìyá Alákàrà ní ìrọ̀lẹ́ àná kó lè mọ ohun tó fẹ́ tẹ̀ka sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́, ó sì pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti inú ilé kó wá tún un kà.