Kí n tó fò sínú odò Hudson

Orí òrùlé ilé tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ jìnnà. Ẹni tí kò bá mọ New York lè rò pé àsọdùn ni, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Ní Harlem, létí odò Hudson, láti òpópónà 137 títí dé 145, ilé ńlá kan wà tí ó ń gba omi ìdọ̀tí láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìdáná apá ìwọ̀-oòrùn Manhattan, tí ó ń sẹ́ ẹ, tí ó sì ń dà á sódò. 1986 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ó tó dìgbà náà, odò ni wọ́n ń da gbogbo rẹ̀ sí láìsẹ́. Inú àwọn ará Harlem kò dùn pé àdúgbò wọn ni wọ́n gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Wọ́n jà, wọ́n pariwo, ìjọba sì kọ́ ọgbà ìgbafẹ́ sórí òrùlé ilé náà fún wọn ní 1993. Riverbank State Park ni wọ́n ń pè é. Pápá ìṣeré wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó gùn tó mítà 50 wà nínú ilé kan níbẹ̀. Ènìyàn á máa lúwẹ̀ẹ́ lókè, ẹ̀rọ á máa fọ omi nísàlẹ̀, odò á sì máa ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Maryland ni èmi ń gbé, nítòsí Washington. Odò Potomac wà lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n láti 1971 ni òfin ìlú Washington kò ti gba ẹnikẹ́ni láàyè láti lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, àfi tó bá gba ìwé àṣẹ. Nítorí náà, nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ fún triathlon ìlú New York ti oṣù Keje 2018, mo mọ̀ pé mo ti di èrò bọ́ọ̀sì nìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì tí iṣẹ́ bá ti parí, mo ti gbé báàgì kọ́pá, ó di ilé Àǹtí mi ní Bronx. Ìdíje ọ̀hún kò fi bò rárá: ènìyàn á lúwẹ̀ẹ́ kìlómítà kan àbọ̀ nínú odò Hudson, á gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 40, á sì sá kìlómítà 10 wọ Central Park, lọ́jọ́ kan náà, láìjókòó. 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Eré sísá kò bà mí lẹ́rù, kẹ̀kẹ́ kò bà mí lẹ́rù. Odò ni.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Lágboolé wa, bí wọn kò bá rí ọmọdé fún ìgbà díẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Ṣé kì í ṣe ọ̀nà odò ló gbà lọ?" Odò Ògùn kò jìnnà sí wa. Odò Yemọja ni. Àwọn àgbà ń kí i, wọn kì í sì í fi í ṣeré. Lásìkò òjò, ó máa ń kún, á wọlé tọ àwọn tó ń gbé ní ìtòsí rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó kọ́ wa ní ìlúwẹ̀ẹ́, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ká má sún mọ́ ọn. N kò bá àwọn òbí wa jà lórí ìyẹn títí dòní. Ọmọ tí kò bá mọ omi, jíjìnnà sí omi ló máa gbà á là.

Nígbà tí mo pe ìyá mi pé mo fẹ́ wọ odò, wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já.

"Àbẹ̀kẹ́, odò wo?"

"Hudson ni wọ́n ń pè é, Màámi. Àárín ìlú New York ló wà."

"Ta ló ni ín?"

"Ìjọba ni, mà."

"Àwọn tó wà níbẹ̀ kí ìjọba tó dé ńkọ́?"

Mo sọ fún wọn pé àwọn Lenape ló ń gbé létí odò náà kí àwọn òyìnbó tó gúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Kí wọn kí o tó wọ̀ ọ́. Kí o sì rí i pé o mọ bó ṣe ń ṣe." Gbólóhùn kejì yẹn ni mo mú bí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó lè jẹ́ pé ìyá mi kò mọ ohunkóhun nípa triathlon, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí mo gbà, èyí ló wúlò jù. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń múra ìdíje yìí ń múra apá àti ẹsẹ̀ wọn. Odò náà gan-an, wọn kì í bi í léèrè ohunkóhun.

Riverbank ni mo ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Owó ìwọlé rẹ̀ kò ga, ẹni gbogbo ló ń wá. Àwọn ìyá àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú kún ibẹ̀, tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ tipẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ló rí i pé mò ń gbé orí sókè bí ẹni ń wá nǹkan lórí àjà, tó ní kí n fi etí lé omi, kí n mí síta nínú omi títí afẹ́fẹ́ á fi tán, kí n tó yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi. Ìwádìí tí àjọ USA Swimming gbé jáde ní 2017 sọ pé nínú 100 ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, 64 ni kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ tàbí tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti àwọn aláwọ̀ dúdú mọ́ ẹ̀yìn ọgbà adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, baba tí kò mọ̀ ọ́n sì rèé, kò lè kọ́ ọmọ. Nítorí náà, bí mo bá rí àwọn ìyá wọ̀nyẹn tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nínú omi wọ́ọ́rọ́wọ́, orí mi a máa wú.

Nígbà tó yá, mo lọ jókòó ti odò fúnra rẹ̀. Òkun ló ń darí Hudson. Láti ẹnu òkun títí dé ìlú Troy, ó lé ní kìlómítà 240, òkun a máa ti odò náà padà sókè lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, á sì tún fà á sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wákàtí tí omi bá ń fà lọ sókun ni wọ́n máa ń dá fún ìdíje náà, kí ìṣàn lè ran àwọn olùlúwẹ̀ẹ́ lọ́wọ́. Mo ti kà á, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Mo wo àkókò omi lórí fóònù, mo lọ dúró lẹ́bàá òpópónà 99 níbi tí a ó ti fò sínú omi, mo ń retí. Igi kan bọ̀, ẹ̀ka rẹ̀ kan nà sókè, ẹyẹ funfun kan bà lé e. Mo bá igi náà rìn létí odò lọ sísàlẹ̀, lọ́nà òpópónà 79 tí a ó ti gòkè. Ẹsẹ̀ dídẹ̀ ni mo fi ń rìn kí n má baà já a sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró lẹ́ẹ̀kan. Ẹyẹ náà kò fi apá kankan, ó kàn jókòó, ó sì ń lọ. Ìgbà tí a ó fi dé ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, àyà mi ti balẹ̀. Odò tí mo rò pé yóò gbé mi lọ, lóòótọ́ ni yóò gbé mi lọ, ibi tí mo sì ń lọ náà ni.

Ìdọ̀tí rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló kọ́kọ́ bi mí. Òfin omi mímọ́ ti 1972 àti ilé tó wà lábẹ́ Riverbank yẹn ti tún odò náà ṣe gan-an. Ohun tó kù ni òjò. Ní apá púpọ̀ nínú New York, páìpù kan náà ló ń gbé omi òjò àti omi ìgbọ̀nsẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀, páìpù á kún ju agbára rẹ̀ lọ, èyí tó bá ṣẹ́ kù á sì dà sódò láìsẹ́. Ní oṣù Keje 2011, iná jó nínú ilé ìsẹ́mi náà, omi ìdọ̀tí sì dà sínú Hudson, nígbà tí ìdíje ti kù díẹ̀. Wọ́n yẹ omi wò kí wọ́n tó ní kí ìlúwẹ̀ẹ́ wáyé. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti di ẹni tó ń wo ojú ọ̀run New York láti Maryland.

Lọ́dún 2011 yẹn náà ni ẹni méjì tí wọ́n gbé jáde láti inú omi ìdíje yìí kú lẹ́yìn náà. N kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe odò nìkan ló ń pa ènìyàn nínú triathlon, ọkàn tí kò rí àyẹ̀wò náà ń ṣe é, nítorí omi tútù àti ìpayà a máa mú un sáré. Mo lọ bá dókítà, wọ́n yẹ ọkàn mi wò dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí.

Ènìyàn kò kàn lè ya wọ Hudson fúnra rẹ̀, nítorí náà Brighton Beach ní Brooklyn ni mo ti fara mọ omi gbangba. Láti Bronx, ọkọ̀ ojú irin ni mo ń wọ̀, ìrìn náà sì gùn tó láti sùn kí ènìyàn jí. Omi oṣù Kẹfà níbẹ̀ a máa gún ènìyàn létí. Aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́ a máa bó ọrùn, Àǹtí mi ló sì rí ojútùú rẹ̀: òrí. Wọ́n bu òrí láti inú ike tí wọ́n rà lọ́jà àwọn ará Áfíríkà, wọ́n fi ra mí lọ́rùn, lábíyá àti lọ́rùn ọwọ́, bí ẹni ń múra ọmọ tuntun. Aṣọ wọlé gẹ̀rẹ́, ọrùn kò sì bó mọ́. Nínú omi, nǹkan yí padà. Kò sí ìlà dúdú nísàlẹ̀ tí ń tọ́ ni sọ́nà. Mo na apá síwájú, n kò rí ọwọ́ mi. Ènìyàn á máa gbójú sókè díẹ̀díẹ̀ wo ilé kan lórí ilẹ̀, kó má baà ṣìnà. Mo ṣe é títí kò fi jẹ́ nǹkan mọ́.

Kẹ̀kẹ́ àti eré kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wà létí Hudson, mo gùn ún dé abẹ́ afárá George Washington, níbi tí ilé iná pupa kékeré kan dúró sí láti 1921. Nínú Central Park, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Harlem lápá àríwá ni kí ẹ bá dọ́rẹ̀ẹ́ ṣáájú, nítorí á bi yín léèrè ìdí tí ẹ fi wá.

Òjò kò dí wa lọ́wọ́ láti wọ omi lọ́jọ́ ìdíje. Wọ́n tò wá sórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan létí odò ní kùtùkùtù. Mo kí àwọn tó ni odò bí ìyá mi ṣe ní kí n ṣe, fèrè dún, mo fò. Iyọ̀ díẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn mí lẹ́nu. Odò gbé mi bó ṣe gbé igi yẹn, apá òsì ni mo ń mí sí, tí mò ń rí ògiri etí odò tó ń sá kọjá, mo sì dé òpópónà 79 kí ó tó rẹ̀ mí. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo sá eré mi, mo parí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ooru mú kí wọ́n fagi lé ìdíje ti ọdún náà. Lọ́jọ́ tí èmi parí tèmi, Àǹtí mi dúró dè mí nínú Central Park pẹ̀lú kúlà móínmóín. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n bi mí pé èló ni wọ́n ń gbà ní Riverbank lọ́wọ́ ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta. Mo sọ fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.